Pípín Yàtọ̀ sí Àjọlò: Àwọn Onísikí àti Alùpùpù Yìnyín lórí Àwọn Òkè Amẹ́ríkà

Ìfáàrà

Nígbà òtútù, tí yìnyín bá ti bo àwọn òkè ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà mọ́lẹ̀, oríṣi ènìyàn méjì ni ó máa ń forí lé ibì kan náà. Àwọn kìn-ín-ní ń fi agbára ẹsẹ̀ ara wọn gun òkè. Sikí ni wọ́n so mọ́ bàtà, ìyẹn pákó méjì tí ó gùn, tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, tí ń yọ̀ lórí yìnyín. Wọn a lẹ aṣọ onírun mọ́ abẹ́ sikí náà kí ó má baà yọ̀ padà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá dé orí òkè, wọn a ṣí aṣọ náà kúrò, wọn a sì yọ̀ wálẹ̀. Àwọn kejì ń gun alùpùpù yìnyín, ẹ̀rọ elẹ́ńjìnnì tí ó ní sikí kéékèèké níwájú, tí ìgbànú rọ́bà sì ń yí lẹ́yìn rẹ̀ láti tì í lọ. Yìnyín ni àròkọ yìí ń pe òjò dídì funfun náà, nítorí pé orúkọ tí ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ń gbé òkè òkun ń pè é nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta omi tí ń bá òjò bọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí nílé.

Lójú ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ eré lásán ni èyí lè jọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ kọjá eré. Bí ilẹ̀ kan bá jẹ́ ti gbogbo ará ìlú, ǹjẹ́ ó di dandan kí olúkúlùkù lè ṣe ohun tí ó bá wù ú ní gbogbo ibi lórí ilẹ̀ náà? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gun alùpùpù yìnyín, àti ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba pẹ̀lú wọn, ti ń dáhùn fún ọdún pípẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní òkè tóbi tó, kí gbogbo ènìyàn jọ máa lò ó ní ìrẹ́pọ̀. Àròkọ yìí takò wọ́n. Èrò tí ó gbé kalẹ̀ ni pé àjọlò tí wọ́n ń sọ yìí kò sí rárá, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń gba ohun tí èkejì wá fún, tí èkejì kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni kí wọ́n pín ilẹ̀ náà, kí ààlà sì wà.

Ọ̀rọ̀ kan tí ó gbé ìtumọ̀ mẹ́ta

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ja ìjà yìí, ọ̀rọ̀ kan ni ó sì gba gbogbo ẹnu kan: share. Ẹni tí ó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ náà di Yorùbá yóò rí i pé òun kò lè ṣe é láìkọ́kọ́ yan ọ̀kan nínú mẹ́ta. Bóyá ó fẹ́ sọ pé àwọn ènìyàn jọ ni ín. Bóyá ó fẹ́ sọ pé wọ́n jọ ń lò ó. Bóyá sì ni ó fẹ́ sọ pé wọ́n pín in. Yorùbá kò dà wọ́n pọ̀. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò lè jọ ni oko tí baba wọn fi sílẹ̀, síbẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n máa kọ ebè tirẹ̀ lápá òkè, kí àbúrò máa kọ tirẹ̀ lápá odò. Àjọni ni oko náà, pípín ni wọ́n sì pín in lò. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé nítorí pé wọn kò jọ kọ ebè kan ṣoṣo, ọ̀kan nínú wọn ti lé èkejì kúrò ní oko baba rẹ̀.

Àwọn ohun kan wà tí a lè jọ lò láìsí ìjà. Kànga àdúgbò jẹ́ ọ̀kan. Omi tí ìyá kan fà kò sọ omi tí ìyá mìíràn yóò fà di ẹlẹ́gbin. Ṣùgbọ́n bí aláró bá wá sọ pé nítorí pé gbogbo àdúgbò ni ó ni kànga, òun náà yóò máa ri aṣọ aró òun bọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tí ń pọn omi mímu kò ba iṣẹ́ aláró jẹ́, aláró ni ó ń ba omi jẹ́ fún un. Kò sí ẹni tí ó kórìíra aláró, aró kò sì di ohun ìríra. Àdúgbò yóò kàn sọ fún un pé kí ó gbẹ́ kòtò tirẹ̀ síbòmíràn.

Ibi tí àríyànjiyàn lórí òkè yìnyín ti ń ṣìnà gan-an nìyí. Àwọn alátìlẹ́yìn alùpùpù a bẹ̀rẹ̀ láti orí àjọni, tí kò sí ẹni tí ó lè já a ní koro, nítorí pé ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ ti gbogbo ará Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ wọn a fò sí àjọlò, bí ẹni pé ohun kan náà ni méjèèjì. Nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó bo àfo tí ó wà láàárín, ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ni kò rí i pé wọ́n fo nǹkan kan. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ tí ó lè fi ya àwọn ìtumọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀ bí ó bá fẹ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣe láǹfààní ni kò fẹ́.

Ohun tí ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ èkejì

Ó yẹ kí a wo bí ọjọ́ kan ṣe ń rí fún onísikí. Ẹni tí ara rẹ̀ le dáadáa lè gùn tó mítà 300 sí 400 sókè láàárín wákàtí kan. Ó lè lo òwúrọ̀ odindi lórí gígùn kan ṣoṣo, kí ó tó yọ̀ wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ohun tí ó ń wá lórí òkè náà kò ju mẹ́ta lọ: yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀, ìdákẹ́rọ́rọ́, àti àyè láti fi ojú àti etí ara rẹ̀ mọ ewu tí ó yí i ká.

Alùpùpù yìnyín ń mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí onísikí yóò gùn ní wákàtí méjì, ẹ̀rọ náà lè gùn ún ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀rọ márùn-ún tàbí mẹ́fà lè fi ojú ọ̀nà wọn bo gbogbo ojú òkè kan láàárín ọ̀sán kan, níbi tí àwọn onísikí mẹ́fà kì bá ti tẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ojú ọ̀nà ẹ̀rọ náà jìn, ó fẹ̀, bí òtútù òru bá sì mú un, a di kòtò líle tí ó lè ṣẹ́ onísikí lẹ́sẹ̀. Ní ti ariwo, láti àárín àwọn ọdún 1970 ni àwọn aṣẹ̀rọ ti fi 78 dẹ́síbẹ̀lì ṣe òṣùwọ̀n wọn ní ibi tí ó jìnnà tó mítà 15 sí ẹ̀rọ tí ń sáré tagbára-tagbára. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan a tún yọ páìpù èéfín tí ilé-iṣẹ́ fi sí i, wọn a fi èyí tí ń pariwo jù ú lọ rọ́pò rẹ̀. Nínú àfonífojì tí yìnyín ti pa ohun gbogbo lẹ́nu mọ́, ẹ̀rọ kan tó láti gba etí gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀. Èéfín ń tẹ̀ lé e. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti àtijọ́, tí wọ́n ń da òróró pọ̀ mọ́ epo rẹ̀, a máa tu apá kan epo náà jáde láìjó.

Ọ̀rọ̀ ewu ni ó le jù. Yìnyín orí òkè a máa ya lulẹ̀ bí ògiri tí òjò ti rẹ ìdí rẹ̀, a sì máa bo ènìyàn mọ́lẹ̀ pa. Ọ̀kan nínú àmì tí àwọn tí ó mọ òkè máa ń fetí sí ni ìró ríróbó kan tí ń jáde láti abẹ́ ẹsẹ̀, nígbà tí ìpele aláìlágbára kan nínú yìnyín bá rì. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò padà sẹ́yìn kíákíá. Ẹni tí ó wà lórí ẹ́ńjìnnì kò lè gbọ́ ọ, àwọn tí wọ́n wà nítòsí ẹ́ńjìnnì náà kò sì lè gbọ́ ọ. Ẹ̀rọ tí ó wúwo tó kílò 200 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ń fi agídí gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lókè orí ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ nísàlẹ̀, ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu tí onítọ̀hún kò yàn fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pé onísikí náà lè mú kí yìnyín ya lu ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n onísikí kì í gun òkè mẹ́wàá lóòjọ́, kì í sì í dé orí ẹni láìròtẹ́lẹ̀.

Kí ni onísikí wá gbà lọ́wọ́ ẹni tí ń gun alùpùpù? Kò gba epo rẹ̀, kò gba ìyára rẹ̀, kò sì gba ìgbádùn gígùn òkè lọ́wọ́ rẹ̀. Kódà, ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí títì gígùn a máa dẹ ìrìn lọ́rùn fún àwọn onísikí kan. Ìpalára náà ń ṣàn sí ìhà kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí odò. Àwọn àgbà sọ pé àjùmọ̀jẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Níhìn-ín, ẹnìkan ní tẹ́lẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ jókòó sídìí àwo ni ó kó oúnjẹ rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó burú jù ni bí ẹ̀rí ìpalára náà ṣe ń pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹni tí ariwo bá lé kúrò lórí òkè kan kì í padà wá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òṣìṣẹ́ ìjọba a dé ibẹ̀, a ka ẹ̀rọ 40, a ka onísikí méjì, a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn elẹ́rọ ni wọ́n ń lo ibẹ̀ àti pé kò sí ìjà kankan. Bí ìdákẹ́ ẹni tí wọ́n ti lé lọ ṣe di ẹ̀rí àlàáfíà nìyẹn.

Òfin ti sọ̀rọ̀ tipẹ́

Ẹni tí kò mọ ìtàn lè rò pé ìfẹ́ inú àwọn onísikí nìkan ni pípín tí wọ́n ń béèrè yìí. Ìwé òfin Amẹ́ríkà fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1960, ilé aṣòfin àpapọ̀ ṣe òfin kan nípa lílo igbó ọba fún ohun púpọ̀. Òfin yìí gan-an ni àwọn alátìlẹ́yìn alùpùpù máa ń fi ṣe àsíá. Bẹ́ẹ̀ òfin náà fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé lílò fún ohun púpọ̀ gba pé àwọn ilẹ̀ kan yóò wà tí wọn kò ní lò fún gbogbo ohun tí ó ṣeé lò fún. Àwọn tí ń gbé àsíá náà kì í kà dé ibẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 1972, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí àṣẹ onínọ́ńbà 11644 nípa àwọn ọkọ̀ tí ń rìn níbi tí kò sí títì lórí ilẹ̀ ìjọba. Àṣẹ náà dárúkọ yìnyín pẹ̀lú iyanrìn, omi àti àbàtà. Ó ní kí àwọn àjọ ìjọba yan ibi tí ọkọ̀ wọ̀nyí lè dé àti ibi tí wọn kò gbọdọ̀ dé, kí wọ́n sì ṣe é ní ọ̀nà tí yóò dín ìpalára sí ilẹ̀ àti ẹranko igbó kù, tí yóò sì dín ìforígbárí pẹ̀lú àwọn tí ń lo ilẹ̀ náà fún ìdárayá mìíràn kù. Ní ọdún 1977, Ààrẹ Carter tún fi àṣẹ onínọ́ńbà 11989 kún un láti mú un le sí i. Yíyan ibi fún olúkúlùkù ni ohun tí àwọn àṣẹ méjèèjì sọ. Pípín ni.

Kí wá ni ó ṣẹlẹ̀? Ní ọdún 2005, àjọ Forest Service, tí ń ṣe àmójútó àwọn igbó ọba, gbé ìlànà kan jáde pé kí gbogbo igbó ọba ya àwòrán ilẹ̀ tí yóò fi ibi tí ọkọ̀ lè gbà hàn. Ṣùgbọ́n wọ́n yọ alùpùpù yìnyín sílẹ̀. Igbó ọba tí ó bá wù lè pín in, èyí tí kò bá wù lè fi í sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Winter Wildlands Alliance, tí ń ṣojú àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn lórí yìnyín, gbé àjọ náà lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún 2013, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Idaho dájọ́ pé yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ yìí lòdì sí àṣẹ ọdún 1972. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, àjọ náà gbé ìlànà tuntun jáde, ó sì sọ yíya àwòrán ilẹ̀ ìgbà òtútù di dandan ní ibi gbogbo tí yìnyín bá ti tó. Láti ọdún 1972 títí di ọdún 2015 jẹ́ ọdún 43. Síbẹ̀, lẹ́yìn ọdún 10 tí ìlànà tuntun náà jáde, ọ̀pọ̀ igbó ọba ni kò tíì parí iṣẹ́ náà. Ibi tí òfin ti sọ pé kí wọ́n pín, àjọlò ni ó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nítorí pé kò sí ẹni tí ó fa ààlà.

Àwíjàre àwọn alátakò

Àwíjàre àkọ́kọ́ ni pé òkè tóbi. Bí Yorùbá ni wọ́n ń sọ ni, wọn ì bá sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra. Òwe náà dára, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run kì í gba ojú ẹsẹ̀. Ẹyẹ tí ó kọjá lọ kò fi kòtò sílẹ̀ fún èyí tí ń bọ̀. Bákan náà, títóbi òkè kò dọ́gba fún ẹni tí ń rin kìlómítà díẹ̀ lóòjọ́ àti ẹni tí ń rin ọgọ́rùn-ún. Bí òkè bá sì tóbi tó bí wọ́n ti wí, a jẹ́ pé ó tóbi tó láti pín.

Àwíjàre kejì ni pé àwọn onísikí ti ní ibi tiwọn, nítorí pé òfin ọdún 1964 ti ya àwọn aginjù kan sọ́tọ̀ tí ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ̀. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ilẹ̀ yóò rí ohun tí ó fara sin nínú ọ̀rọ̀ yìí. Púpọ̀ nínú àwọn aginjù náà jìnnà sí títì tí wọ́n ń kó yìnyín kúrò lórí rẹ̀ nígbà òtútù. Ilẹ̀ tí ó wà láàárín títì àti aginjù ni alùpùpù gbà kan. Elẹ́sẹ̀ tí ó ní ọjọ́ kan péré kò lè dé ibi tí wọ́n ní ó jẹ́ tirẹ̀, ẹlẹ́rọ tí ó lè dé ibi jíjìn ni wọ́n fi ibi ìtòsí sílẹ̀ fún. Bí ẹni fún arọ ní oko tí ó jìnnà jù ni.

Àwíjàre kẹta wúwo ju méjèèjì lọ, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un. Wọ́n ní ẹ̀rọ yìí ń ran àwọn arúgbó, àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ìtàn ẹ̀rọ náà gan-an bẹ̀rẹ̀ láti inú àìní. Joseph-Armand Bombardier, ọmọ Valcourt ní Quebec, pàdánù ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré ní ìgbà òtútù ọdún 1934 nítorí pé yìnyín ti dí ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ní ọdún 1937 ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ọkọ̀ tí ó lè rìn lórí yìnyín. Ní ọdún 1959 ni Ski-Doo, ẹ̀rọ kékeré tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tó dé ọjà. Kò sí ẹni tí ó ní làákàyè tí yóò sọ pé kí aláìsàn kú sílé nítorí ìdákẹ́rọ́rọ́ òkè, tàbí kí àwọn adóòlà ẹ̀mí máa fi ẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n àìní ọ̀tọ̀, fàájì ọ̀tọ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń dán agbára ẹ́ńjìnnì wò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kò lè fara pamọ́ sẹ́yìn arúgbó tí ń lọ sí ahéré rẹ̀. Pípín ilẹ̀ kò sì dí arúgbó náà lọ́nà, nítorí pé apá tirẹ̀ wà nínú pípín.

Lórí kókó yìí, ìwé onímọ̀ ìṣẹ̀dá ènìyàn Pertti Pelto, *The Snowmobile Revolution*, tí ó jáde ní ọdún 1973, kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣàlàyé bí ẹ̀rọ yìí ṣe dé sáàárín àwọn Skolt Sámi ní àríwá Finland ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Kò pẹ́ ọdún mẹ́wàá tí ó fi lé ọmọlanke tí ẹran reindeer ń fà kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn tí wọ́n lówó láti ra ẹ̀rọ àti epo gòkè, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọn kò ní sì bọ́ sílẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ẹran sísìn. Àwọn Sámi fúnra wọn ni ó ni ìpinnu lórí ìgbésí ayé wọn, àròkọ yìí kò sì dá sí i. Ohun tí ó ṣe pàtàkì níhìn-ín ni pé nígbà tí ẹ̀rọ àti ohun àtijọ́ bá jọ wà lójú kan láìsí ààlà, wọn kì í pẹ́ jọ wà.

Àwíjàre kẹrin ni pé àwọn onísikí pàápàá kò mọ́. Wọ́n ń wa mọ́tò dé ìdí òkè, wọ́n sì ń dẹ́rù ba ẹranko. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, òótọ́ sì wà nínú èyí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ẹranko wolverine ní Idaho, Montana àti Wyoming, tí ó jáde ní ọdún 2019, fi hàn pé ẹranko náà ń sá fún ẹlẹ́rọ àti fún onísikí. Lórí àwọn òkè Teton ní Wyoming, àwọn àgùntàn igbó oníwo ńlá ń yẹra fún ibi tí àwọn onísikí ń dé, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ wà níbẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ fi wolverine sí ara àwọn ẹranko tí ewu ìparun ń bá fínra. Kí ni èyí wá fi hàn? Ó fi hàn pé àwọn òkè kan wà tí onísikí náà kò gbọdọ̀ dé nígbà òtútù. Onísikí tí ó bá ń béèrè ààlà lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ, tí ó wá kọ ààlà tí wọ́n fà nítorí ẹranko, ti sọ ẹjọ́ ara rẹ̀ di òfo. Àwíjàre yìí kò gbe àjọlò lẹ́sẹ̀, ńṣe ni ó fi ẹnìkẹta kún àwọn tí ó yẹ kí wọ́n pín ilẹ̀ fún.

Àwọn kan tún ń sọ pé ẹ̀rọ tuntun tí ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ yóò parí ìjà. Àwọn tí ó ni Ski-Doo ti ń ṣe irú rẹ̀. Yóò dín ariwo kù, yóò sì mú èéfín kúrò. Kò ní dín ìyára kù, kò ní dín ojú ọ̀nà ẹ̀rọ lórí yìnyín kù, kò sì ní mú kí yìnyín má ya lulẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti pín in

Bí pípín bá jẹ́ àlá lásán, ìbá dára kí a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ ní ibi púpọ̀. Ní Vail Pass, ní Colorado, nínú igbó ọba White River, ilẹ̀ kan wà tí ó tó éékà 55,000. Àwọn òkè kan wà fún ẹlẹ́rọ, àwọn kan wà fún elẹ́sẹ̀ nìkan, àwọn kan sì wà tí ẹlẹ́rọ lè gbà kọjá lójú ọ̀nà tí wọ́n sàmì sí, tàbí tí ó ti lè gbé onísikí gòkè. Ẹni tí ó wọlé ń san owó, owó náà ni wọ́n fi ń sàmì sí ọ̀nà, tí wọ́n sì fi ń ṣọ́ ààlà. Oríṣi ènìyàn méjèèjì ṣì ń lọ síbẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ.

Ní ọgbà ìjọba àpapọ̀ ti Yellowstone, ní àwọn ọdún 1990, ìpíndọ́gba alùpùpù tí ń wọlé lójoojúmọ́ nígbà òtútù ju 700 lọ. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 2002, àwọn òṣìṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn ti ń fi ìbòmú dáàbò bo ara wọn lọ́wọ́ èéfín. Wọ́n lọ sílé ẹjọ́ síwá sẹ́yìn, ìlànà kan ń wọlé, òmíràn ń jáde, títí di ọdún 2013 tí wọ́n fi ẹnu ọ̀rọ̀ jóná. Ìlànà náà gba ẹgbẹ́ alùpùpù 50 láàyè lóòjọ́, ẹgbẹ́ kan kò sì gbọdọ̀ ju ẹ̀rọ 10 lọ. Afinimọ̀nà gbọdọ̀ wà pẹ̀lú wọn, ẹ̀rọ wọn gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí ariwo àti èéfín rẹ̀ kéré, orí títì nìkan ni wọ́n sì lè gbà. Ọgbà náà kò ṣófo, àwọn ẹlẹ́rọ kò sì kú.

Ní ilẹ̀ Norway, tí sikí ti jẹ́ ohun ìrìn láti ayébáyé, òfin ọdún 1977 sọ pé ọkọ̀ elẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ rìn nínú igbó àti lórí òkè àyàfi fún ìdí pàtàkì. Àwọn Sámi tí ń sin ẹran reindeer wà lára àwọn tí òfin yọ̀ǹda fún. Ní ọdún 2015 wọ́n fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lágbára láti ya ojú ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún fàájì, ojú ọ̀nà náà sì gbọdọ̀ ní àmì. Ní ilẹ̀ Faransé, láti ọdún 1991 ni òfin ti lòdì sí lílo alùpùpù yìnyín fún fàájì lórí òkè gbalasa, àfi ní ibi tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀ fún un. Àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí kò pe ara wọn ní ọ̀tá ẹ̀rọ. Wọ́n kàn mọ̀ pé ohun àjọni nílò ààlà ju ohun àdáni lọ, nítorí pé ohun àdáni ní ẹni tí yóò dáàbò bò ó.

Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ ṣì kù fún àjọ Forest Service, iṣẹ́ náà kò sì fara sin. Kí igbó ọba kọ̀ọ̀kan tí kò tíì ya àwòrán ilẹ̀ ìgbà òtútù rẹ̀ yà á. Kí ibi tí ó súnmọ́ títì wà fún elẹ́sẹ̀, nítorí pé òun ni kò lè lọ jìnnà. Kí ẹlẹ́rọ ní òkè tí ó tó o, kí ọ̀nà tí yóò gbà dé ibẹ̀ sì ní àmì. Kí ibi tí ẹranko ń fara pamọ́ sí nígbà òtútù wà ní títì pa fún ẹlẹ́rọ àti onísikí bákan náà. Kí wọ́n sì fi owó sí ṣíṣọ́ ààlà náà, nítorí pé ààlà tí kò ní olùṣọ́, ìlà orí ìwé lásán ni.

Iṣẹ́ kù fún àwọn olùkọ́ èdè pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí ó bo ìtumọ̀ mẹ́ta mọ́lẹ̀ ti mú kí àwọn ọlọ́gbọ́n ènìyàn gba ohun tí òfin ọdún 1972 kò fọwọ́ sí, wọ́n sì gbà á gẹ́gẹ́ bí ìwà rere. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a bá fún ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà láti túmọ̀, tí ó sì kọ “pín” sílẹ̀ láìronú, kò tíì túmọ̀ nǹkan kan. Ó yẹ kí olùkọ́ bi í pé: ṣé wọ́n jọ ni ín ni, ṣé wọ́n jọ ń lò ó ni, àbí wọ́n pín in? Ta ni ó ń sọ̀rọ̀, kí sì ni yóò jẹ́ tirẹ̀ bí a kò bá béèrè? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí lórí òkè yìnyín tí kò dé rí, yóò lè dáhùn wọn lórí odò, lórí igbó àti lórí ọjà tí ó ń ná lójoojúmọ́. Àwọn onísikí Amẹ́ríkà kò ní Yorùbá láti fi bi àwọn alátakò wọn ní ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì gbà wọ́n ní ọdún 43 kí ìjọba tó sọ pé dandan ni kí wọ́n fa ààlà.